Akọ Pupa Tí Kò Tíì Tó Tà

Àwọn tó mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti kú tán, àwọn tó kù ò sì bèèrè. Fọwọ́bà ni gbogbo ọjà ẹran ń pè é, Fọwọ́bà náà ló sì ń jẹ́ títí dòní. Orúkọ náà kò ṣàdédé wá. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣòwò akọ màlúù, kò ra ọ̀kan rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fọwọ́ bà á. Bí ẹni tó ni ẹran bá ń yìn ín, tó ń sọ pé akọ yìí ni baba àwọn akọ, Fọwọ́bà á kàn máa mi orí. Á rọra súnmọ́ ẹran náà láti ẹ̀gbẹ́, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e níhà, á wá dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe màlúù tí wọ́n máa pa jẹ ló ń wá kiri. Akọ tí yóò wà láàárín àwọn abo, tí yóò gùn wọ́n kí wọ́n lè lóyún, ni ó máa ń rà lóko kan láti tà fún oko mìíràn. Irú akọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rù, kò sì gbọdọ̀ sanra jù. Èyí tó rù kò ní lè bá iṣẹ́ náà dópin. Kó tó lé abo kiri díẹ̀, egungun lásán ni yóò kù. Èyí tó sanra jù ńkọ́? Ọ̀lẹ ni. Oorun á máa kùn ún, ẹsẹ̀ á máa dùn ún, abo á kọjá níwájú rẹ̀, á sì wò ó bí ẹni pé ìyá ìyá rẹ̀ ló kọjá. Ọ̀gá tó kọ́ Fọwọ́bà níṣẹ́ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ọjà á fi rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ló kọ́ ọ pé ojú ń purọ́, pé nígbà òtútù irun màlúù máa ń nípọn, ó sì lè bo egungun mọ́lẹ̀ bí agbádá ṣe ń bo ebi mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ni kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí o bá tẹ ìhà ẹran, tí o bá egungun níbẹ̀ lábẹ́ awọ, tí kò gún ọ lọ́wọ́, tí o kò sì ní láti máa wá a kiri, a jẹ́ pé o ti rí ohun tí ò ń wá.

Àpọ́n ni Fọwọ́bà nígbà tí ọ̀rọ̀ akọ pupa ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni, ó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ọjà, àga kan, ibùsùn kan, ìṣó mẹ́ta lára ògiri tó fi ń kọ́ okùn. Oníwàrà kan tí oko rẹ̀ wà létí odò wá bá a. Akọ ti oníwàrà yìí ti darúgbó, àwọn abo ń ké láàárọ̀, wọ́n ń ké lálẹ́, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ó ní kí Fọwọ́bà bá òun wá akọ tí kò ní dójú ti òun. Fọwọ́bà sì ti gbọ́ nípa oko kan lẹ́yìn òkè, níbi tí àwọn kan ti ń sin akọ tó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í pariwo ọjà wọn.

Ó débẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà òjò, tí ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, ló kọ́kọ́ rí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, òmíràn wà ní òsì. Kó tó kí i tán, ọmọbìnrin náà ní kó kọ́kọ́ bá òun ṣí géètì, ìkíni ò ní sá lọ. Bàbá rẹ̀ ló ni oko, ṣùgbọ́n bàbá ti já bọ́ láti orí òrùlé ilé ẹran lọ́dún tó kọjá, ìbàdí rẹ̀ kò sì jinná dáadáa. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbé àga rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti ń wo oko, ibẹ̀ ló ti ń pàṣẹ, ọmọbìnrin yìí ló sì ń ṣe gbogbo ohun tó kù. Olóko ni Fọwọ́bà ń pe ọmọbìnrin náà nígbà yẹn, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ì bá pè é. Orúkọ yẹn náà ló sì pè é títí ó fi kú.

Olóko mú un lọ sẹ́yìn ilé ẹran, ó sì fi akọ pupa náà hàn án. Ó pupa bíi bíríkì tí òjò pa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò láàárín àwọn abo ni, iṣẹ́ ti jẹ ẹ́ tán: ikùn rẹ̀ ti wọnú, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ṣóńṣó bí òrùlé. Ṣùgbọ́n Fọwọ́bà tẹ̀ ẹ́ láti èjìká dé ìdí ìrù, ó mú kó rìn lọ, ó mú kó rìn bọ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ àti pátákò rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Abẹ́ awọ tó rù yẹn, akọ gidi ló wà níbẹ̀. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bó ṣe rù yìí, wọn ò ní gbé owó gọbọi lé e, òun á sì bọ́ ọ fúnra òun nílé. Ló bá ní òun fẹ́ ẹ.

Olóko sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. "Ẹ ò lè mú un lọ báyìí," ó wí.

Fọwọ́bà rò pé ọ̀rọ̀ owó ló ń mú bọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rere nípa ara rẹ̀: pé koríko wà lọ́dọ̀ òun, pé òun mọ ẹran í bọ́, pé ọ̀gá òun kọ́ òun yé. Olóko jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan wọ́n ta akọ kan báyìí fún ọkùnrin kan tó búra pé òun á fún un nísinmi; ọjọ́ kejì ló dà á sáàárín abo, nígbà tó sì dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, orúkọ bàbá òun ni wọ́n ń pè káàkiri, wọn ò pe tẹni tó rà á. Kí ó padà wá nígbà tí koríko bá yọ. Òun á máa fún akọ náà ní koríko tútù, òun á máa fi ọkà díẹ̀ kún un, díẹ̀díẹ̀ ni ara á sì padà.

Fọwọ́bà yíjú sí ojú fèrèsé, ó retí pé bàbá á dá sí i. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń sọ pé, "Ṣé èmi ni mo ní bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ni?"

Bó ṣe lọ lọ́wọ́ òfo nìyẹn. Oníwàrà kùn, ó kùn, ṣùgbọ́n ó gbà láti dúró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí koríko yọ, ó padà lọ. Ara ti ń bọ̀ sípò lára akọ pupa, irun rẹ̀ ti ń dán. Fọwọ́bà tẹ ìhà rẹ̀, ó bá egungun níbẹ̀ bó ṣe yẹ kó bá a, inú rẹ̀ dùn. Olóko náà tẹ̀ ẹ́, ó ní ìhà dáa ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kò tíì kún. Kí wọ́n fún un láyè díẹ̀ sí i. Wọ́n jiyàn lórí ẹ̀yìn akọ náà títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, kálukú tẹ́ ọwọ́ lé ibì kan náà, kálukú ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó yá, Olóko ní níwọ̀n ìgbà tó ti wà níbẹ̀, kó bá òun di òkè wáyà ọgbà mú, òpó kan ti ń ṣubú. Ó di wáyà mú. Ó di òpó mú. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé mu tíì gbígbóná pẹ̀lú búrẹ́dì ní tábìlì ilé ìdáná, bàbá sì jókòó tì wọ́n, ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo ìkejì.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin," bàbá wí, "mo ti ta akọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò sẹ́ni tó bá wa ṣọgbà nínú wọn."

Fọwọ́bà bu búrẹ́dì sẹ́nu. Nígbà tó délé ló rántí pé òun kò bèèrè ìgbà tí òun á padà wá, inú rẹ̀ sì dùn sí i, torí ìyẹn túmọ̀ sí pé ìgbàkígbà tó bá wu òun ni òun lè lọ.

Kò sì pẹ́ tó fi lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti fárùngbọ̀n. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kò yẹ kéèyàn wọ lọ síbi tí màlúù wà. Ọ̀gá rẹ̀ rí i lọ́nà, ó sì bèèrè pé ta ló kú. Nígbà tó dé oko, Olóko kò jáde pàdé rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yìn ilé ẹran ló wà, ó ń gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí. Fọwọ́bà wọ inú ọgbà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé akọ pupa níhà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Kò rí egungun kankan. Ó tẹ ìdí ìrù, ọ̀rá rọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀ bí ìrọ̀rí. Akọ náà yíjú wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀.

"Ó ti sanra jù," Fọwọ́bà wí.

Olóko fi ọwọ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ wálẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n. Ó ní ọkà lòun fún un. Ó jọ pé ọwọ́ òun wúwo díẹ̀. Ó wá sọ pé òun á dín ọkà kù, òun á sì máa mú un rìn lórí òkè, ṣùgbọ́n ó máa gba ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bèèrè, láìgbé ojú sókè, "Ṣé o máa padà wá?"

"O" ló wí, kò wí pé "ẹ" mọ́. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Bàbá gbọ́ ọ pẹ̀lú láti ojú fèrèsé, ó sì rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi dùn ún, tó wá ń rẹ́rìn-ín tó tún ń kérora.

Fọwọ́bà ní òun á padà wá.

Ṣé Olóko mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni? Ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́ ní ẹran bíbọ́ láti kékeré, tó lè fi ojú wọn ọkà, ṣé ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣèèṣì wúwo? Fọwọ́bà bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé. Ó bi í lóko, ó bi í lórí ibùsùn, ó bi í nígbà tí wọ́n ń jà àti nígbà tí wọ́n parí ìjà. Èsì kan náà ló ń rí: "Ọwọ́ mi ló wúwo." Á wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí akọ pupa dé ọ̀dọ̀ oníwàrà, ara rẹ̀ gún régé. Oníwàrà, tó ti ń bínú, wò ó, ó sì gbàgbé ìbínú. Kò sí abo kan tí kò lóyún lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ tí wọ́n sì bí, wọ́n pupa bíi bàbá wọn. Kí ọmọ àkọ́kọ́ tó délẹ̀, Fọwọ́bà ti lọ bá bàbá ojú fèrèsé. Kò mọ bó ṣe yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ló bá ń sọ̀rọ̀ nípa koríko àti òjò. Bàbá ní tó bá jẹ́ ọmọ òun ló wá tọrọ, kó tọrọ rẹ̀, kó fi òjò sílẹ̀. Òun ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ òpó ọgbà. Nígbà tí àbúrò bàbá Fọwọ́bà kan gbọ́ bí ìyàwó tuntun ṣe ń pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ", ó ní ìyàwó tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé a máa sọ pé "ẹ̀yin" fọ́kọ. Olóko dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú, sà. Ìgbà tí mi ò tíì mọ̀ ọ́n ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀."

Wọ́n jọ ṣòwò náà. Fọwọ́bà ló ń rà, Olóko ló ń bọ́, àwọn méjèèjì ló ń tà. Wọ́n ra lọ́rì kékeré kan, aláwọ̀ ewé, tó ń wúkọ́ bí arúgbó láàárọ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Oko lẹ́yìn òkè wá ń gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé kì í lọ tààrà. Ọdún kan wà tí òjò kọ̀. Koríko di eérú lórí ìdúró, koríko gbígbẹ inú àká tán, àwọn akọ bẹ̀rẹ̀ sí í rù lójú wọn. Ẹni tó ń wá akọ fún abo kò yà sọ́dọ̀ wọn mọ́. Ta ló fẹ́ ra egungun? Àwọn alápatà nìkan ló ń wá, wọ́n á dúró ní géètì pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ bí ẹni tó wá kí àna. Fọwọ́bà ní ó dà bí ẹni pé kí àwọn ta ìdajì ẹran náà fún wọn, kí ìdajì tó kù lè rí nǹkan jẹ. Olóko ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó fọ ọwọ́, ó wọlé, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lọ́rì sórí tábìlì.

"Èyí kì í jẹ koríko," ó wí. "Òun ni ká tà."

Wọ́n ta lọ́rì. Wọ́n fi ra koríko gbígbẹ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì fi ṣìkẹ́ àwọn akọ náà títí òjò fi dé. Ara àwọn ẹran padà, ọjà tún ṣí, àmọ́ ohun tí wọn yóò fi gbé wọn lọ ò sí. Ló bá di pé kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n á gbéra ní ìdájí, Fọwọ́bà níwájú pẹ̀lú akọ kan tàbí méjì, Olóko lẹ́yìn, ọmọ láàárín wọn, wọ́n á máa rìn létí títì lábẹ́ àwọn igi. Wọn kì í yára, torí akọ tí a bá lé á dé ọjà pẹ̀lú ara gbígbẹ. Bí wọ́n bá dé ibi tí omi wà, wọ́n á jókòó. Ibẹ̀ ni Olóko á ti máa sọ ìtàn àwọn ìyá akọ náà fún ọmọ, ìwà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn hù, èyí tó jẹ fìlà bàbá àgbà, èyí tó fẹ́ràn kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀. Fọwọ́bà á sùn sẹ́yìn nínú koríko, á fi fìlà bojú, á máa gbọ́.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìrìn yẹn mú kí ẹran ara àwọn akọ náà le. Ọ̀rá ò sí lára wọn, iṣan ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn dúró gbọn-in, wọn kì í mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn olóko bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyàtọ̀ láàárín akọ tó sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá àti akọ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Wọ́n ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Láàárín ọdún bíi mélòó kan, wọ́n ní ohun tí wọ́n lè fi ra lọ́rì mìíràn, èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí kì í wúkọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wà á lọ sọ́jà, ọkọ àti ìyàwó jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ti gbé fèrèsé sókè nítorí eruku, wọ́n sì dé ọjà kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ kankan bá ara wọn sọ. Fọwọ́bà ní bí ẹnikẹ́ni bá bi òun pé ìgbà wo layé dùn jù, òun ò ní sọ ti lọ́rì.

Ọjọ́ ogbó ni àìsàn mú Olóko. Ó bẹ̀rẹ̀ bí àárẹ̀ lásán, ó ń sọ pé òun á sinmi díẹ̀, oúnjẹ kò sì wù ú jẹ. Dókítà sọ èyí tó sọ. Nígbà tó yá, Fọwọ́bà ló ń wẹ̀ ẹ́. Á gbé omi gbígbóná wá sí yàrá, á ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má wọlé, á fi kànrìnkàn rọra fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúró níbi ìhà ìyàwó rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun dúró. Ọwọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan láti ìgbà èwe ló ṣe é fúnra rẹ̀.

Olóko ò yíjú padà. "Kí ni ọwọ́ rẹ wí?" ó bèèrè.

"Ó ní o ṣì dáa."

Olóko fi ọwọ́ bo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ níhà ara rẹ̀, níbi tí omi ti ń kán. "O ò purọ́ lórí èyí rí," ó wí. "Má bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí." Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ń rẹ́rìn-ín ni.

Fọwọ́bà fi aṣọ nù ún, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó sì gbé e lọ sórí àga lójú fèrèsé, níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí, kó lè rí àwọn ẹran. Ó padà lọ da omi nù lẹ́yìn ilé. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó wọlé. Kò tó òpin òtútù tí Olóko fi lọ.

Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin wọn ló ń ṣe oko, òun àti ọkọ rẹ̀. Ọ̀nà ti yí padà. Àwọn oko ńlá kan kì í ra akọ mọ́; ọkọ̀ kan ló ń gbé àtọ̀ akọ wá fún wọn nínú agolo tútù, akọ tó ni ín lè wà ní òpin ayé. Àwọn mìíràn máa ń wo àwòrán ẹran lórí fóònù, wọ́n á rà á láìrí ojú rẹ̀. Fọwọ́bà kì í bú wọn. Ó ní abo ṣì ń lóyún, ọmọ ṣì ń bọ̀, kí ni òun á tún wí? Ṣùgbọ́n oko kéékèèké ṣì pọ̀ tó ń fẹ́ akọ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, àwọn yẹn sì ń wá. Ọmọ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà. Nígbà mìíràn òun àti bàbá rẹ̀ máa ń jiyàn lórí ẹ̀yìn akọ kan, ọmọ ló sì máa ń borí, torí eegun ìka Fọwọ́bà ti le, kò gbọ́ nǹkan dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ ọmọ rẹ̀ máa ń gbé e lọ. Kì í rà, kì í tà mọ́. Ó ní ibì kan létí irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà, ibẹ̀ ló máa ń gbé apá lé. Òórùn koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù á máa fẹ́ sí i, àwọn tó mọ̀ ọ́n á máa kí i ní ìkọjá, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á máa sọ fún bàbá kí ó rọra, kí akọ má tà á nípàá. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Á wo ẹran kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde. Bí oòrùn bá ti dé àárín ọ̀run, á lọ jókòó nínú ọkọ̀, á máa retí kí wọ́n parí, torí ọmọ rẹ̀ ti se oúnjẹ sílẹ̀, kò sì fẹ́ kó tutù.